Wá Ìjọ Rẹ̀ Kí O Tó Wá Orúkọ Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Mẹ̀kúnnù Ará Dẹ́nmárkì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àna yín kan ní Iowa gbé ìwé ìdílé wọn jáde, ẹ sì rí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ Amẹ́ríkà nínú wọn: Jens Pedersen, àgbẹ̀, ọmọ bíbí Dẹ́nmárkì, 1842. Orúkọ àpẹẹrẹ ni o, mi ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò, ẹ bá àwọn wá ibi tí bàbá yìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn tẹ orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jens Pedersen á sì máa jáde lọ́tùn-ún lósì: ọ̀kan kú ní kékeré, ọ̀kan jẹ́ alágbẹ̀dẹ, òmíràn ò kúrò lábúlé títí ó fi kú, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Èèyàn á mú èyí tó wù ú nínú wọn, á so ìdílé mọ́ ọn, ó di bàbá onítọ̀hún nìyẹn.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ní Dẹ́nmárkì, ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún ẹni náà ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní orúkọ láìní ìjọ, ẹ ò tíì ní nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mẹ̀kúnnù ibẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé. Orúkọ bàbá ẹni ni wọ́n ń fi kún orúkọ ẹni. Jens tí Peder bí ni Jens Pedersen. Bí Jens bá bí Hans, Hans Jensen nìyẹn. Bí ó bá bí Maren, Maren Jensdatter. Ìran mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé láyé àwọn bàbá wa kò ní bá a jà: bàbá ń jẹ́ Àjàní, ọmọ rẹ̀ di Àkànbí Àjàní, ọmọ Àkànbí náà di Sàmúẹ́lì Àkànbí.

Obìnrin kì í sì í gba orúkọ ọkọ nígbà náà. Maren Nielsdatter á fẹ́ Peder, á bímọ mẹ́jọ fún un, Maren Nielsdatter náà ni àlùfáà á kọ lọ́jọ́ tó bá kú. Àwa tí à ń wá ìran nìyẹn ṣe lóore, torí pé orúkọ ìyàwó ti sọ fún wa pé Niels ni bàbá rẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá ni ọba Frederik Kìíní pàṣẹ fún ní 1526 pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan tí kò ní yí padà. Kò kan àgbẹ̀. Ó di 1828 kí ìjọba tó ní kí àlùfáà máa kọ orúkọ ìdílé mọ́ ọmọ láti ọjọ́ ìsàmì, àṣẹ ọ̀hún kò sì yé àwọn àlùfáà bákan náà. Àwọn kan fún gbogbo ọmọ Peder Hansen ní Hansen, àwọn kan ní Pedersen ni kí wọ́n máa jẹ́, àwọn míì ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá. Òfin 1856 ló wá mú ọ̀rọ̀ náà le. Jens tí à ń wá yìí, tí wọ́n bí ní 1842, àárín ìdàrúdàpọ̀ náà ló bọ́ sí. Nítorí náà bàbá rẹ̀ lè jẹ́ Peder Hansen, ó sì lè jẹ́ Hans Pedersen. Ẹ má pinnu kí ẹ tó rí ìwé. Bí ẹ bá tún ń wá àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò kúrò nílé, ẹ rántí pé òfin 1904 mú kí pípa orúkọ dà rọrùn, ọ̀pọ̀ ló sì fi Jensen, Nielsen àti Hansen sílẹ̀ fún orúkọ tí kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá Jens tó kù sílé lè ní àwọn ọmọ-ọmọ tí orúkọ wọn kò jọ Pedersen rárá.

Àṣà kan wà nínú sísọ ọmọ lórúkọ tó máa ń ranni lọ́wọ́. Wọ́n sábà máa ń fi orúkọ bàbá bàbá sọ ọmọkùnrin àkọ́kọ́, wọ́n á fi orúkọ bàbá ìyá sọ ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn obìnrin. Bí opó bá tún ọkọ fẹ́, ọmọkùnrin tó bá kọ́kọ́ bí fún ọkọ tuntun ni wọ́n máa ń sọ ní orúkọ ọkọ tó kú. Àṣà ni o, kì í ṣe òfin. Ó lè fi ọ̀nà hàn yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Ká wá bọ́ sórí ìjọ. Nígbà náà, ilẹ̀ Dẹ́nmárkì pín sí amt (bí ìpínlẹ̀), amt pín sí herred (bí ẹkùn kékeré), herred pín sí sogn. Sogn yìí ni mò ń pè ní ìjọ: ilé ìjọsìn kan àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ó lé ní 1,500 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Orúkọ wọn sì máa ń jọra, Vejlby nìkan ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ máa kọ herred àti amt mọ́ orúkọ ìjọ nígbàkigbà. Láìsí ìwọ̀nyẹn, ẹ lè lo oṣù mẹ́fà nínú ìwé ìjọ tí kì í ṣe tiyín.

Báwo la ṣe máa mọ ìjọ Jens? Láti Amẹ́ríkà ni ìwádìí ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ kì í sábà ju "Dẹ́nmárkì" lọ, ẹ má gbé ọkàn lé e. Ìwé ìjọ àwọn Lutheran ará Dẹ́nmárkì tó wà ní Iowa àti Nebraska sàn jù, torí pé àlùfáà tó wá láti ilé máa ń fẹ́ mọ ìlú ẹni. Ẹ wo Bíbélì àtijọ́, òkúta ibojì, ìwé ìròyìn tó kéde ikú rẹ̀, àti ẹ̀yìn fọ́tò: ayàwòrán ìgbà náà máa ń tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ sẹ́yìn káàdì. Àwọn ará Dẹ́nmárkì tó wà ní Amẹ́ríkà ní ilé ìpamọ́ ìtàn tiwọn, ọ̀kan ní Elk Horn ní Iowa, ọ̀kan ní Blair ní Nebraska. Bó bá jẹ́ Utah ni Jens gbà lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn Mormon, ẹ̀ka ìsìn kan tó gbilẹ̀ níbẹ̀, ló bá lọ. Wọ́n ti dé Dẹ́nmárkì wàásù láti 1850, àwọn náà kì í sì í fi àkọsílẹ̀ ìran ṣeré.

Láti 1869, ọlọ́pàá Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmárkì, ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ àwọn tó ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun sí. Òfin kan ló fà á, kí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi má baà máa lu tálákà ní jìbìtì. Ẹ ó rí orúkọ níbẹ̀, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tó ń lọ, àti ibi tó ń gbé kẹ́yìn. Ibi tó ń gbé kẹ́yìn ni ẹ fi etí sí dáadáa o, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i. Ọmọ ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan lè ti ṣí ní ìgbà mẹ́wàá kó tó wọ ọkọ̀. Bí Jens bá gba Hamburg, èbúté kan ní Jámánì, kọjá, ẹ yẹ ìwé Hamburg wò, torí ó lè má sí nínú ti Copenhagen.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ìjọ, ìwé ìjọ yá, èyí tí wọ́n ń pè ní kirkebog. Ọba Christian Kẹrin ló pàṣẹ ní 1645 pé kí àwọn àlùfáà erékùṣù Sjælland máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ìgbà yẹn ló jóná pẹ̀lú ilé àlùfáà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iná sú ìjọba, wọ́n ṣòfin pé láti 1814, ìwé méjì ni kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa ní: ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ìwé méjèèjì kò gbọdọ̀ sun abẹ́ òrùlé kan náà mọ́jú. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí wù mí gan-an. Fún àwa, àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ àlùfáà bá burú, ọwọ́ akọ̀wé lè dára.

Láti 1814 náà ni wọ́n ti ń fa ìlà sí ìwé ọ̀hún, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ní ìlà ìsàmì Jens, ẹ ó bá ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìsàmì, orúkọ bàbá àti ìyá, iṣẹ́ bàbá, abúlé wọn, obìnrin tó gbé ọmọ lọ síwájú àlùfáà, àti àwọn bàbá àti ìyá ìsàmì. Ẹ má fo àwọn yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá ni wọ́n, orúkọ abúlé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn sì lè jẹ́ ibi tí ìyá ti wá. Bí méjì bá ń jẹ́ Jens Pedersen nínú ìjọ kan ṣoṣo, àwọn wọ̀nyí lẹ fi máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwé ìgbọ́wọ́lé (confirmation) tún dára ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Láti 1736 ó di dandan fún gbogbo ọmọ, ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún. Bí Jens bá ti kúrò níbi tí wọ́n bí i, ìwé ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ níbòmíràn lè sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìjọ tó ti ṣe ìsàmì àti orúkọ àwọn òbí rẹ̀. Àlùfáà á tún kọ bí orí rẹ̀ ṣe pé sí àti bí ìwà rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tó bu bupá wà. Láti 1810, ẹni tí kò bá tíì bu bupá, tí ìgbóná kò sì ṣe rí, kò ní rí ìgbọ́wọ́lé gbà, kò sì ní rí ìyàwó gbé níwájú pẹpẹ.

Ẹ má rò pé ìjọ tí mò ń tẹnu mọ́ yìí fi hàn pé Jens jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Ìjọ ni ọ́fíìsì ìjọba nígbà náà, òun ló ń kọ ìbí, òun ló ń kọ ikú, ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló wà nínú ìwé rẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń le níbẹ̀. Èkíní ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Títí di nǹkan bí 1875, lẹ́tà gọ́tíìkì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, níbi tí e ti jọ n, tí h sì ní ìrù lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ń wá. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lójú ewé náà, orúkọ oṣù tàbí orúkọ abúlé, kí ẹ fi kọ́ bí àlùfáà yẹn ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ọjọ́. Ṣáájú 1814 ní pàtàkì, àlùfáà kì í sábà kọ ọjọ́ àti oṣù. Yóò kọ "Dom. 3 p. Trin." Ọmọ Áńgílíkà ò ní bẹ̀rù èyí: Ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan ni. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àjíǹde ń sún lọ sún bọ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ nílò kàlẹ́ńdà ọdún yẹn gan-an. Ní 1700, ilẹ̀ Dẹ́nmárkì pa kàlẹ́ńdà dà. Wọ́n sùn ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, wọ́n jí sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta.

Ìwé ìkànìyàn ló tẹ̀lé ìwé ìjọ. Èyí tó kọ́kọ́ dárúkọ olúkúlùkù ni ti 1787, lẹ́yìn náà 1801, ó tún di 1834, 1840, 1845, ó sì ń bá a lọ. Wọ́n á to agboolé kọ̀ọ̀kan láti orí baálé dórí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún 1845 ni ẹ kọ́kọ́ gbá mú, torí pé òun ló kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Jens á wà níbẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bàbá àti ìyá rẹ̀ á wà lókè rẹ̀, ìjọ tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ ti fo ìran kan. Ti ọjọ́ orí, ẹ fojú fo díẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlagbà a máa gbàgbé ọdún tiẹ̀.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì díẹ̀: lægdsrulle, ìwé àwọn tí ọba lè pè sógun. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìnira. Láti 1733, òfin kan tí wọ́n ń pè ní stavnsbånd kò jẹ́ kí ọmọkùnrin àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́lá tí wọ́n bí i sí. Ọlọ́lá rí òṣìṣẹ́, òun náà ló sì ń yan ẹni tó máa lọ sójú ogun. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1788, ọba pàṣẹ pé kí wọ́n tú ìdè náà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí àgbẹ̀ bá lè lọ síbi tó wù ú, báwo ni ọba ṣe máa rí i lọ́jọ́ ogun? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ọmọkùnrin àgbẹ̀ sínú ìwé láti ọjọ́ ìbí, abúlé sí abúlé, pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí ó bá ṣí, wọ́n á kọ ibi tó ṣí lọ àti nọ́ńbà tuntun rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún àti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń pa ọ̀gá dà, ẹni ogún ọdún lè ti gbé ní ìjọ mẹ́rin. Ìwé ìjọ lè sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tẹ̀lé nọ́ńbà yìí láti ìwé dé ìwé, ẹ lè tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí dé etí òkun. Ẹ lè rí bó ṣe ga tó. Ẹ lè rí i níbòmíràn pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti lọ Amẹ́ríkà. Jens wa pé ọmọ ọdún méjìlélógún ní 1864, ọdún tí Prussia (ìjọba Jámánì kan nígbà náà) àti Austria kọ lu Dẹ́nmárkì, nítorí náà ìwé yìí kì í ṣe ohun tí ẹ lè fò. Ó ní àbùkù kan: kò sí obìnrin nínú rẹ̀. Títí di 1849 pẹ̀lú, ọmọ àgbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọmọ oníṣòwò ìgboro.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ tó ń ro kò wọ́pọ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́lá ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lóko rẹ̀. Àdéhùn ilẹ̀ yìí wà nínú ìwé fæste. Orúkọ ilẹ̀ ọlọ́lá ni wọ́n fi to àwọn ìwé náà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ta ló ni ilẹ̀ abúlé yẹn. Ìwé ogún, skifte, ló dùn jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi. Bí àgbẹ̀ bá kú, wọ́n á wá ka ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, màlúù, gbèsè, wọ́n á sì to gbogbo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ọkọ àwọn ọmọbìnrin, àti mọ̀lẹ́bí tó dúró fún àwọn ọmọdé. Níbi tí ìwé ìjọ ti jóná, skifte kan ṣoṣo lè gba ìdílé là. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, wọn kì í sábà ṣe é fún.

Tí Jens bá wá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó ńkọ́? Àlùfáà máa ń kọ orúkọ ọkùnrin tí ìyá bá dárúkọ, ọmọ sì lè jẹ́ orúkọ rẹ̀ láìtíì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ilé ìgbẹ̀bí ọba kan wà ní Copenhagen tí obìnrin ti lè bímọ láìsọ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ọ̀nà lè dí pátápátá.

Gúúsù Jutland, apá Dẹ́nmárkì tó bá Jámánì pààlà, ni pańpẹ́ tó kẹ́yìn. Prussia gba ibẹ̀ lẹ́yìn ogun 1864, kò sì padà fún Dẹ́nmárkì títí di 1920. Ẹni tó ti ibẹ̀ lọ Amẹ́ríkà lè jẹ́ ọmọ Dẹ́nmárkì nínú ìwé kan, kó di ọmọ Jámánì nínú èyí tó tẹ̀lé e. Ẹnì kan náà ni. Láti 1874, ibẹ̀ ní ìwé ìbí àti ikú ti ìjọba tó yàtọ̀ sí ti ìjọ, èyí tí ìyókù Dẹ́nmárkì kò ní.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ kò nílò vísà fún un. Rigsarkivet, ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ti ya fọ́tò ìwé ìjọ, ìkànìyàn àti ìwé ológun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ St. Croix, St. Thomas àti St. John, àwọn erékùṣù tí Dẹ́nmárkì kó ẹrú Áfíríkà lọ kó tó tà wọ́n fún Amẹ́ríkà ní 1917. Ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti ibẹ̀ wá, ilé ìpamọ́ kan náà ni yóò kàn. Àwọn tó fara jìn sì ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìkànìyàn sínú kọ̀ǹpútà kí a lè fi orúkọ wá a. Ẹ fi ìyẹn wá ọ̀nà, kí ẹ sì lọ wo fọ́tò ojú ewé náà fúnra yín, nítorí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè ṣi lẹ́tà gọ́tíìkì kà.

Níbo ni yóò dúró? Fún ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀, ìwé ìjọ á dákẹ́ láàárín 1650 sí 1750. Lẹ́yìn náà ó ku ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ tí ọba Christian Karùn-ún ṣe, tó parí ní 1688. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ń ro oko kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, láìdárúkọ ìyàwó tàbí ọmọ. Bí ẹ bá wá rí ibi tí ẹnì kan ti to ìran Jens Pedersen láìfo ọ̀kan títí dé ọ̀dọ̀ Gorm, ọba Dẹ́nmárkì ní ọ̀rúndún kẹwàá, ẹ sọ fún un kó fi ìwé hàn yín.